Orí Keje: Ìdènà àti Àtúnṣe Ike tí ó Kán Lára Ẹ̀rọ Kékeré Inú Ilé Ìdáná

7.1 Èròǹgbà Orí Yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, tí ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó wà ní ìparí rẹ̀, ó yẹ kí ó lè ya ike tí iná ń yọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí iná kì í yọ́. Kí ó lè wo ojú ibi tí ike gbé kán, kí ó sì sọ ohun tí ó kán an. Kí ó lè yan ọ̀nà àtúnṣe tí ó bá irú ike náà mu. Àti pàápàá jù lọ, kí ó mọ àwọn ẹ̀yà tí a kò gbọdọ̀ tún ṣe rárá, bí ó ti wù kí owó òmíràn wọ́n tó.

7.2 Ibi tí a ti Mú Àpẹẹrẹ Wa

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, aròmisá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ni a ti yan àpẹẹrẹ orí yìí, àti ní Èkó náà, Abraham Adésànyà Estate, tí ó wà lẹ́bàá òpópónà tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, nítòsí Ajah, ní agbègbè Etí-Ọ̀sà. Orúkọ Olóyè Abraham Adésànyà (1922–2008) ni a fi sọ ibẹ̀, agbẹjọ́rò ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1979 títí di 1983, tí ó sì di aṣáájú ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ọ̀ràn ìṣèlú ni ó gbé wa débẹ̀ o. Ibi tí ilẹ̀ náà tẹ̀dó sí ni. Òkun Àtìláńtíìkì ń bẹ ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà ń bẹ ní àríwá rẹ̀, atẹ́gùn tí ń fẹ́ gba ojú fèrèsé wọ ilé ìdáná sì ru iyọ̀ àti ọ̀rinrin dání, tí ó fi jẹ́ pé irin inú ẹ̀rọ máa ń dípẹtà níbẹ̀ kíákíá ju bí ó ti ń ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀yọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í ti orísun kan ṣoṣo wá: bí ti ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ a gbà á, bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́, ìnfátà a gbà á, agbára iná a sì máa ga, a máa rẹlẹ̀, ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ń fi ara wọn rọ́pò. Ilẹ̀ ilé ìdáná jẹ́ táìsì, táìsì kì í sì í ṣàánú ohun tí ó bá já lù ú.

7.3 Ìdílé Ike Méjì

Ohun tí ọ̀pọ̀ ará ọjà ń pè ní rọ́bà ni ìwé yìí ń pè ní ike. Ìdílé méjì ni ó pín sí. Ike ayọ́ ni èyí tí ó máa ń rọ̀ bí ooru bá mú un, tí ó sì ń le padà bí ó bá tutù, tí a sì lè tún yọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ike aláìyọ́ ni èyí tí ooru ilé iṣẹ́ ti mú le lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì ní rọ̀ mọ́. Bí iná bá pọ̀ fún un, jíjó ni yóò jó di èédú. Àgbà ìdílé kejì yìí ni bákéláìtì, èyí tí Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà, ṣe ní 1907. Òun ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọwọ́ ìkòkò dúdú tí a lè dì mú lórí ààrò, nítorí pé ooru kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá.

Ike ayọ́ ni ó pọ̀ jù lára ẹ̀rọ ilé ìdáná, àwọn tí a ó sì máa bá pàdé jù nìwọ̀nyí. PP, tí Giulio Natta ará Ítálì ṣiṣẹ́ lé lórí ní 1954, ni ó máa ń funfun fẹ́ẹ́rẹ́, tí ara rẹ̀ ń yọ̀, tí a sì ń fi ṣe ìdérí, ara kẹ́tùlù àti àwo. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 160 °C. ABS ni ó le, tí ó ń dán, tí a fi ń ṣe ìsàlẹ̀ blẹ́ńdà níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní nǹkan bí 100 °C. PS àti SAN ni ó ń mọ́ kedere, tí a fi ń ṣe jọ́ọ̀gì olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n sì ń fọ́ yángá bí wọ́n bá já. PC náà mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó le ju àwọn méjèèjì wọ̀nyí lọ púpọ̀, owó rẹ̀ sì ga. PA, tí a mọ̀ sí náílọ́ọ̀nù, ni a fi ń ṣe eyín kékeré tí ń yí inú ẹ̀rọ.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a yí ẹ̀yà náà padà kí a wo inú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń tẹ lẹ́tà irú ike bẹ́ẹ̀ sí àárín àmì ọfà méjì, bí àpẹẹrẹ >ABS< tàbí >PP<. Bí kò bá sí àmì, a ó gé èérún kékeré níbi tí ojú kò tó, a ó sì jù ú sínú omi tí a kán ọṣẹ díẹ̀ sí. PP yóò léfòó, nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ. ABS, PS àti PC yóò rì. Bí a bá sì fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kan ike tí kò rọ̀ rárá, ìdílé bákéláìtì ni, gbogbo ọ̀nà tí a fi ń yọ́ ike pọ̀ kò sì wúlò fún un.

Ìdánwò inú omi yìí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n àìṣe rẹ̀ wà lára ohun tí ń fa àtúnṣe tí kì í dúró.

7.4 Ohun tí Ń Kán Ike

Àwọn àgbà ní a kì í fi oníjà sílẹ̀ kí a gbájú mọ́ alápẹpẹ. Ẹni tí ó bá lẹ ike pọ̀ láìmọ ohun tí ó kán an, alápẹpẹ ni ó dojú kọ. Oníjà ṣì wà nínú ilé, yóò sì padà wá. Nítorí náà ojú ibi tí ike gbé kán ni ìwé àkọ́kọ́ tí atúnṣe gbọ́dọ̀ kà.

Bí ojú kíkán bá dán, tí ó mọ́ tónítóní, ìkọlù òjijì ni: ó já, tàbí nǹkan já lù ú. Bí ibẹ̀ bá funfun, tí ó sì dà bí ẹni pé a tẹ̀ ẹ́ kí ó tó kán, a ti ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́; èyí ni ti ìkọ́ kékeré tí ń di ìdérí mú, tí a ń ṣí tí a sì ń pa lójoojúmọ́. Bí sísán tínínrín púpọ̀ bá ta ká ara ike tí ń dán, a ti fi epo tàbí oògùn ìfọǹkan tí kò bá a mu kàn án. Bí etí rẹ̀ bá yọ́ tí ó sì ká lọ́rọ́, ooru ni. Bí sísán bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ihò súkúrù, ọwọ́ ẹni tí ó dì í ni ó le jù.

Ooru kì í ṣe ti ààrò nìkan. Ẹni tí ó bọ ata rodo àti tàtàṣé, tí ó sì rọ́ wọn ní gbígbóná janjan sínú jọ́ọ̀gì SAN, tí ó tún fi omi tútù ṣan jọ́ọ̀gì náà lójú ẹsẹ̀, ti mú kí inú ike wú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì wú, kí ó sì tún súnkì lójijì. Láàrin wíwú àti sísúnkì yìí ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Oòrùn tí ń gba fèrèsé wọlé ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ó kàn ń falẹ̀ ni: ìtànṣán rẹ̀ a máa já okùn inú ike títí tí yóò fi pọ́n, tí yóò sì gbẹ.

Ti oògùn àti epo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí. Omi ìnu-èékánná tí ó ní ásítóònù nínú a máa yọ́ ABS àti PS. Bẹńtíróòlù a máa ba ọ̀pọ̀ ike jẹ́. Kódà epo inú èèpo ọsàn, tí a kà sí ohun jíjẹ, a máa yọ́ PS, èyí tí ó fi jẹ́ pé jọ́ọ̀gì ìfún-ọsàn olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣú, tí ó sì ń sán ní àkókò ọsàn. Jíìkì pẹ̀lú kì í ṣe ọṣẹ ìfọ-jọ́ọ̀gì.

Ní ti iṣẹ́ tí ó wúwo jù, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rọ́bà kékeré eléyín tí ó wà láàrin ìsàlẹ̀ blẹ́ńdà àti jọ́ọ̀gì rẹ̀, tí ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì fún bíléèdì. Bí a bá da egúsí gbígbẹ, edé àti ata gbígbẹ kún jọ́ọ̀gì láìsí omi, bíléèdì a há, ẹ́ńjìnnì kò sì mọ̀ pé ó há. Ó ń yí lọ, eyín rọ́bà náà a sì jẹ. Ọ̀pọ̀ oníbàárà a ní ilé iṣẹ́ rẹ́ wọn jẹ, pé kí ló dé tí a kò fi irin ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀yà afarajìn ni: a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó rọ̀ ju àwọn yòókù lọ, kí ó lè jẹ́ pé bí ìyọnu bá dé, òun tí owó rẹ̀ kéré ni yóò kú, tí ẹ́ńjìnnì tí owó rẹ̀ pọ̀ yóò sì là. Ẹni tí ó bá wá lọ gbẹ́ irin sí ipò rẹ̀ ti gba ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, iná yóò sì jó wáyà inú rẹ̀ ní ìgbà tí ó bá tún há.

Agbára iná pẹ̀lú ń dá sí ọ̀ràn náà. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí fọ́ọ̀tì 230 ni ẹ̀rọ ń retí. Bí iná bá rẹlẹ̀ jìnnà sí èyí, ẹ́ńjìnnì a máa ráágó, a máa gbóná, ike tí ó yí i ká a sì rọ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń lọ ata, tí a sì fi súìṣì sílẹ̀ ní títàn, ẹ̀rọ yóò ta kìjí lójijì nígbà tí iná bá dé, bóyá ìdérí ti kúrò, bóyá ọwọ́ ọmọdé ti wà nínú rẹ̀.

Iyọ̀ inú atẹ́gùn ló kù, òun sì ni ti Ajah gan-an. Kì í ba ike jẹ́ fúnra rẹ̀. Irin ni ó ń jẹ: súkúrù a dípẹtà, ìpẹtà náà a sì gba àyè ju irin tí ó jáde láti inú rẹ̀ lọ, a ti ihò ike láti inú wá; sípíríìnì abẹ́ ìdérí a gan, ẹni tí ó fẹ́ ṣí i a sì fi agbára kún agbára.

7.5 Ìdènà

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Púpọ̀ nínú ìdènà ti hàn nínú ohun tí a ti sọ, a kò sì ní tún un sọ. Ohun gbígbóná gbọ́dọ̀ tutù títí tí ọwọ́ yóò fi lè gba ara ìkòkò rẹ̀ mọ́ra kí ó tó wọ jọ́ọ̀gì. Omi ni a kọ́kọ́ ń dà sí i, kí ohun líle tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín gbọ́dọ̀ rẹ dáadáa. Ìwé pélébé tí ó bá ẹ̀rọ wá a máa sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì lè yí kí ó tó sinmi, ó sì dára kí a kà á kí a tó fi lọ ẹ̀wà àkàrà. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń gbé blẹ́ńdà, a kì í gbé e ní ọwọ́ jọ́ọ̀gì.

Ọgbọ́n kan wà fún súkúrù tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ dá súkúrù padà sínú ihò ike, kí a kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn, lọ sí apá òsì, ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí tí a ó fi gbọ́ tí ó já sínú ipa rẹ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a wá yí i síwájú, kí a sì dáwọ́ dúró ní kété tí ó bá fọwọ́ mú. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò gbẹ́ ipa tuntun, ipa méjì nínú ihò kan kò sì ní jẹ́ kí ihò náà pẹ́.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ilé tí ó súnmọ́ òkun, kí a máa yí ẹ̀rọ padà lóṣooṣù, kí a fi aṣọ gbígbẹ nu orí súkúrù àti sípíríìnì rẹ̀, kí a sì wo etí ìkọ́ ìdérí bóyá ó ti ń funfun.

7.6 Àtúnṣe

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Sísán tí kò tíì kán tán ni ó rọrùn jù láti dá dúró: a ó fi dírìlì lu ihò kékeré, bíi mílímítà 2 tàbí 3, sí orí ibi tí sísán náà parí sí gan-an. Agbára tí ń fa sísán síwájú a máa kó jọ sí ṣóńṣó rẹ̀. Bí ṣóńṣó bá di ihò róbótó, agbára náà a túká. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó lẹ̀ ẹ́.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò ní ògiri, a ó fi ọṣẹ fọ ojú kíkán, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó sì fi ẹ̀là méjèèjì pọ̀ láìlo gọ́ọ̀mù láti mọ̀ bóyá kò sí èyí tí ó sọnù. Irú ike ni yóò sọ ọ̀nà tí a ó gbà.

*ABS àti PS.* Yíyọ́jú mọ́ra ni ó dára jù. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ra ásítóònù sí ojú méjèèjì, wọn yóò sì lẹ̀. A ó tẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn, a ó so wọ́n, a ó sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ásítóònù bá gbẹ tán, ike méjì ti di ike kan. Ásítóònù a máa gbaná kíákíá: a kì í lò ó nítòsí gáàsì.

*Súpà gúlù.* Harry Coover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèèṣì rí i ní Amẹ́ríkà ní 1942, a sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1958. Ó dára fún ABS, PS àti PC níbi tí ojú méjèèjì bá wọ inú ara wọn. Bí ẹ̀là kan bá sọnù, a lè wọ́n bẹ́kìn sódà sí àyè náà, kí a kán gúlù lé e. Yóò le lójú ẹsẹ̀, a ó sì fi sáńpépà rẹ́ ẹ dọ́gba. Ṣùgbọ́n kì í fẹ́ ooru, kì í fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́, kì í sì í di PP mú rárá. Kí ẹnikẹ́ni má fi òwú tàbí aṣọ òwú nu gúlù tí ó dà sílẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì a máa gbóná bí wọ́n bá pàdé, wọ́n sì lè jó ara.

*Gọ́ọ̀mù oní-túùbù-méjì,* tí a ń pò pọ̀ lọ́gbọọgba, ni ó yẹ ọwọ́ kẹ́tùlù tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí ń ru ẹrù, àti bákéláìtì pẹ̀lú. A gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì kí ó le rí ibi dì mú. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ a máa sọ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òun fi ń le. Kí a fún un ní wákàtí 24 kí a tó gbé ẹrù lé e.

*PP.* Níbí ni ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù ti ń pòfo. Jíjó mọ́ra ni ó kù: irin gbígbóná tí àwọn atúnrédíò-ṣe fi ń jó òjé mọ́ wáyà ni a ó fi yọ́ ojú méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú èérún PP mìíràn, irú èyí tí a gé lára ìdérí ike àtijọ́ tí òun náà ní àmì PP. PP kì í gba ABS mọ́ra. Ike kan náà ni ó ń bá ara rẹ̀ jó. Ìta gbangba ni a ti ń ṣe é, nítorí èéfín rẹ̀.

Níbi tí a kò bá lè jó, rírán ṣì wà, ìyẹn sì ni ọ̀nà tí àwọn baba wa mọ̀ kí ike tó dé: bí a ti ń lu ihò kéékèèké sí ẹ̀bá méjèèjì igbá tí ó sán, tí a sì ń fi okùn rán an pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè lu ihò sí ìdérí tí ó kán, kí a sì fi wáyà kọ́pà tínínrín rán an, kí a jó orí wáyà náà wọ inú ike kí ó má baà ha ọwọ́.

*Bọ́tìnnì tí a ń yí.* Bí ihò rẹ̀ bá sán, tí ó sì ń yí lásán, a ó we wáyà kọ́pà yí ọrùn rẹ̀ ká ní ẹ̀yìn, a ó fún un, a ó sì fi gọ́ọ̀mù oní-túùbù-méjì bò ó. Kí gọ́ọ̀mù má ṣe kán sínú ihò.

*Rọ́bà eléyín blẹ́ńdà.* A kì í lẹ èyí. A ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ohun tí ń dá ọ̀dọ́ atúnṣe láàmú ni pé lára ọ̀pọ̀ blẹ́ńdà, ipa súkúrù rẹ̀ lòdì sí èyí tí ọwọ́ mọ̀: apá ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó tú. Ó ní ìdí. A ṣe é kí yíyí ẹ́ńjìnnì lè máa dì í le sí i, kí ó má tú sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ dì í, yóò rò pé òun ń tú u, títí tí eyín yóò fi kán.

7.7 Ohun tí a Kò Gbọdọ̀ Tún Ṣe

Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì kò mọ ojú olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Ike èyíkéyìí tí ó bo wáyà, bí ara púlọ́ọ̀gì, ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù tí a ń gbé e lé, tàbí ilé súìṣì, pípààrọ̀ ni a ń pààrọ̀ rẹ̀.

Inú jọ́ọ̀gì, níbi tí oúnjẹ ń kàn, kì í ṣe ibi gọ́ọ̀mù. Bí ibẹ̀ bá sán, a lè fi jọ́ọ̀gì náà ṣe ohun mìíràn, ṣùgbọ́n a kì í lọ ata nínú rẹ̀ mọ́, nítorí pé ike tí ó bá ya nígbà tí bíléèdì ń yí yóò bá ata wọ ọbẹ̀. Ibi tí ooru kẹ́tùlù ń kàn ní tààrà náà jẹ́ èèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù, tí ń rọ̀ kí omi tó hó.

Lára àwọn blẹ́ńdà kan, ìkọ́ ààbò kan ń bẹ ní ìsàlẹ̀ jọ́ọ̀gì tí ń tẹ súìṣì kékeré, tí ẹ̀rọ kò fi ní ṣiṣẹ́ bí jọ́ọ̀gì kò bá jókòó dáadáa. Bí ìkọ́ yìí bá kán, àwọn atúnṣe kan a máa fi igi tàbí bébà há súìṣì náà mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa yí ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Ààbò ni wọ́n yọ dànù, bíléèdì yóò sì yí lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá wà níbẹ̀. Ìkọ́ náà ni kí a tún mọ, tàbí kí a ra jọ́ọ̀gì mìíràn.

Ike tí kò ṣe é tún ṣe, a kì í dáná sun ún ní ẹ̀yìnkùlé. A ń kó o jọ fún àwọn tí ń ra ike àlòkù tàbí fún àwọn akólẹ̀.

7.8 Kókó Ẹ̀kọ́

Ojú kíkán ń sọ ohun tí ó fà á. Àmì tàbí omi ń sọ irú ike. Irú ike ni ó ń yan ọ̀nà. ABS àti PS ń gba ásítóònù àti súpà gúlù, PP ń gba iná tàbí rírán, bákéláìtì ń gba gọ́ọ̀mù oní-túùbù-méjì. Ẹ̀yà afarajìn, ohun tí ó bo wáyà àti ohun tí ó kan oúnjẹ, pípààrọ̀ ni.

7.9 Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ike ayọ́ àti ike aláìyọ́? Mú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wá láti inú ilé ìdáná yín.

2. Kó ìdérí ike mẹ́ta tí ó ti bàjẹ́ jọ. Wo àmì inú wọn, lẹ́yìn náà gé èérún wọn sínú omi ọlọ́ṣẹ. Ṣé ohun tí omi sọ bá ohun tí àmì sọ mu?

3. Ìdílé kan ní Abraham Adésànyà Estate ti lẹ ìdérí kẹ́tùlù wọn, tí ó ní àmì >PP<, pẹ̀lú súpà gúlù ní ìgbà mẹ́ta, ó sì ń ya. Sípíríìnì abẹ́ ìdérí náà ti dípẹtà. Dárúkọ àṣìṣe méjì tí ó wà nínú àtúnṣe wọn, kí o sì to ohun tí ìwọ yóò ṣe lẹ́sẹẹsẹ.

4. Ṣàlàyé ìdí tí rọ́bà eléyín blẹ́ńdà kò fi gbọdọ̀ jẹ́ irin.

5. Sísán kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 lára ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tí a fi ABS ṣe, kò sì kan wáyà. Ya àwòrán rẹ̀, fi ibi tí ìwọ yóò lu ihò sí hàn, kí o sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá lu ihò náà sí àárín sísán dípò ìparí rẹ̀.

6. Iṣẹ́ àwùjọ: ẹ lọ bá atúnṣe kan ní àdúgbò yín, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda olùkọ́. Ẹ béèrè ẹ̀yà ike tí a ń gbé wá fún un jù lọ, kí ẹ wo ojú kíkán rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì kọ̀wé sí ojú ewé kan lórí ohun tí ẹ gbà pé ó kán an.